Òkè Kan Nínú Yìnyín, Ilé Kan Létí Òkun

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ gbé yàrá kan náà ní Sharjah, ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ọmọ Ìlàjẹ, tó ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun rí, òun ló kọ́kọ́ sọ ìtàn òkè yìí fún mi. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ibi tó bá ti dákẹ́, èmi náà á dákẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, nítorí kì í ṣe ìtàn tí wọ́n ń fi ìkánjú sọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dàrú mọ́ yín lójú: Ẹ̀gbọ́n ni èmi ń pe ẹni tí a jọ ń gbé. Bọ̀ọ̀dá ni òun ń pe ẹ̀gbọ́n tirẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi á máa pè é.

Àwa márùn-ún ló wà nínú yàrá náà. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì mẹ́ta, fìríìjì kan, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Ẹni tó bá ti gbé bedspace rí, níbi tí èèyàn ti ń sanwó bẹ́ẹ̀dì nìkan, ti mọ bó ṣe ń rí. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Al Barsha ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń ṣe máàpù sínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ ni iṣẹ́ tèmi. Orúkọ títì, orúkọ odò, orúkọ òkè: èmi ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n kọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, tàbí bóyá wọ́n gbé orúkọ ibì kan lọ sórí ibòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ń dáná ní kíṣìnì ńlá kan ní Industrial Area, ó ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà olómi fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́lé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ̀, á jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á máa wo fóònù rẹ̀ láì tẹ nǹkan kan lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ta fóònù ní Deira, yá ọkọ̀ kan láti gbé ẹrù lọ sí Fujairah, ó ní ká sin òun lọ kí ojú wa lè kúrò lára ògiri. A jáde ní Sharjah, iyanrìn, iyanrìn, ràkúnmí díẹ̀, iyanrìn. Nígbà tó yá, àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú, òkè tí kò ní koríko kan lára, tó dúdú bí ìdí ìkòkò tó ti jóná. Ni Ẹ̀gbọ́n bá nawọ́.

"Ṣé o rí wọn bí wọ́n ṣe tò? Fọkàn da omi sí gbogbo ibi tó jìn láàárín wọn. Dà á títí tó fi dé wọn lọ́rùn. Kí omi náà wá dì, kó le ju sìmẹ́ǹtì lọ, kó funfun débi tí yóò máa ta èèyàn lójú. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lókè, ṣóńṣó dúdú kan níhìn-ín, ṣóńṣó dúdú kan lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n ń pè ní òkè níbi tí Bọ̀ọ̀dá mi wà."

"Ẹ̀gbọ́n, ibo nìyẹn?" Ọmọ Ìjẹ̀bú ló béèrè. "Kánádà?"

"Ìsàlẹ̀ ayé pátápátá. Ibi tí máàpù ti ń parí."

"Wọ́n ń san dọ́là níbẹ̀?"

"Wọ́n ń san án."

"Ẹ wá júwe ọ̀nà fún wa jàre! Ṣèbí Bọ̀ọ̀dá yín lè fi físà ránṣẹ́."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò tíì jáde kúrò nínú ihò tó wọ̀." Láti ibẹ̀ títí tí a fi já ẹrù tán ní Fujairah, kò sí ẹni tó tún ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó sọ nìyí. Ejẹ́ńtì kan ní Al Ras ló gba àwọn méjèèjì síṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó epo àti oúnjẹ lọ fún àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń gbé orí yìnyín. Ẹ̀gbọ́n wà ní kíṣìnì. Mẹkáníìkì ni Bọ̀ọ̀dá, katakata ló ń tún ṣe, èyí tí wọ́n fi ń wọ́ ẹrù lórí yìnyín. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ní ohun tó kọ́kọ́ ba òun lẹ́rù kì í ṣe òtútù. Ó ní ibẹ̀ kò ní òórùn. Òun tó jẹ́ pé imú lòun fi ń ṣiṣẹ́, òun jáde sí orí ọkọ̀, òun fa atẹ́gùn símú, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò rùn, kò ta sánsán. Ó ní bí ẹni pé a kò tíì dá ibẹ̀ tán ni. Oòrùn kì í wọ̀ nígbà tí wọ́n lọ yẹn, á kàn máa yí ká ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá nǹkan. Atẹ́gùn kì í fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè ló ti ń ya wálẹ̀ bí omi. Àwọn òkè náà sì jìnnà sí etí òkun, ìrìn ọjọ́ púpọ̀ ni pẹ̀lú katakata.

Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fẹ́ lọ ya àwòrán àwọn òkè náà. Wọ́n mú Bọ̀ọ̀dá dání. Ẹ̀gbọ́n dúró nínú ọkọ̀.

Yìnyín ibẹ̀ máa ń là. Ihò rẹ̀ á jìn wọnú ilẹ̀, yìnyín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á wá bo ẹnu ihò náà bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ sẹ́nu kànga. Ìdí òkè kan ni wọ́n dé, Bọ̀ọ̀dá ló ń wa katakata tó ṣáájú. Aṣọ ẹnu kànga náà ya. Wọ́n so okùn mọ́ okùn, wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀. Okùn tán, ihò kò tán. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn wọn fi há.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ níbí. Lẹ́yìn ìgbà náà ló wá sọ pé olórí àwọn tó ń wọn ilẹ̀, òyìnbó kan, wá bá òun ní kíṣìnì ọkọ̀. Àlùbọ́sà ni òun ń gé, inú òun sì dùn pé àlùbọ́sà ni. Ọkùnrin náà sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkè tí àwọn ń yà yìí ni kò tíì lórúkọ. Èyí tí Bọ̀ọ̀dá sùn sí ìdí rẹ̀, àwọn á fi orúkọ Bọ̀ọ̀dá pè é. Ó ní òun kò fẹ́ orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù. "Orúkọ tí ẹ̀yin ará ilé fi ń pè é ni kí o sọ fún mi."

"Mo sọ ọ́ fún un," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bí ayé bá ṣì ń jẹ́ ayé, á wà nínú máàpù."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wá a fún yín."

Ó wò mí. Nígbà náà ló wá sọ ìdí tó fi ń wo fóònù láì tẹ nǹkan kan.

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá kò gbà pé ọkọ òun kú. Wọn kò gbé òkú wálé. Kò sí irun, kò sí èékánná, kò sí aṣọ tó wọ̀ kẹ́yìn tí ìdílé lè sin dípò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ti túká, ibi tí ejẹ́ńtì ń jókòó sí ní Al Ras ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tùràrí. Ẹnì kan láti ìlú wọn tún lọ sọ fún obìnrin náà pé òun rí ọkùnrin kan tó jọ ọkọ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, tó gbé ọmọ aláwọ̀ pupa kan lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lójú obìnrin náà, ọkọ òun sá lọ ni, àbúrò ọkọ òun ló sì ń bò ó láṣìírí.

Ìyẹn nìkan kọ́ ni ìṣòro. Létí òkun ni ìlú wọn wà, òkun sì ń jẹ ẹ́. Àwọn ilé tó wà níwájú ilé obìnrin náà ti lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, orí igi òpó rẹ̀ nìkan ló kù tí àwọn ẹyẹ ń bà lé. Ilé tirẹ̀ ló wá kọjú sí omi báyìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba yàrá fún un ní Àkúrẹ́, ó kọ̀. Ó ní, "Bí bàbá yín bá dé, ta ló máa júwe Àkúrẹ́ fún un? Ibí ló mọ̀." Ohun tó sọ fún Ẹ̀gbọ́n kò lọ́ tìkọ̀: ẹ sọ pé òyìnbó fi orúkọ ọkọ mi sọ òkè. Òkè kì í sá pamọ́. Ẹ fi hàn mí nínú máàpù, màá kó ẹrù mi lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí Ẹ̀gbọ́n fi ń wo fóònù láì pè é: kò ní máàpù kankan tó lè fi hàn án.

Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrántí òkú nìkan ló wà nílẹ̀. Ẹni tó ṣì wà láàyè ni omi fẹ́ gbé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà ìsinmi oúnjẹ níbi iṣẹ́, mo ṣí àwọn òkè náà. Ẹ̀gbọ́n ti fún mi ní ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù Bọ̀ọ̀dá. Ó fi ìka sórí orúkọ náà, kò pè é. Mo ti ń fi orúkọ ṣiṣẹ́ ọjọ́ pẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí. Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó sá ogun wá sí ìdí òkè ló ń sọ ọ́ lórúkọ, tàbí àwọn tó ń dáko níbẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tó ń gbé ìdí òkè tí wọ́n lè bi pé, kí ni ẹ̀yin ń pè é? Orúkọ ti débẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó débẹ̀. Orúkọ ọlọ́rọ̀ kan tó fowó sílẹ̀ fún ìrìn àjò ni wọ́n fi pe gbogbo ọ̀wọ́ òkè náà. Inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ọlọ́rọ̀ náà kò sì fojú kàn án títí tó fi kú. Òkè kan ń jẹ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Òkè kan ń jẹ́ orúkọ dókítà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àkójọ tirẹ̀, nítorí náà òkè kan lè máa jẹ́ orúkọ mẹ́ta, kí ó má sì sí ẹni tó wà nítòsí láti jà sí i. Mo rí òkè tí wọ́n fi orúkọ ajá pè.

Mo sọ èyí nínú yàrá. Ọmọ Ìjẹ̀bú fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ajá! Ajá ní odindi òkè, èmi tí Ọlọ́run dá, mi ò ní ilẹ̀ tí mo lè ri òpó kan mọ́ ní Ìkòròdú!"

"Ajá náà ṣiṣẹ́," Ẹ̀gbọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ti Bọ̀ọ̀dá ńkọ́?"

Kò sí. Mo wá orúkọ ìdílé wọn, mo wá orúkọ ìsàmì rẹ̀, mo kọ ọ́ bí òyìnbó ṣe lè kọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà. Kò sí. Nígbà tí mo sọ fún un, ó bọ́ fìlà lórí, ó tún dé e.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kí ni ẹ sọ fún òyìnbó náà gan-an?"

Ó bojú wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀.

"Kí ni kí n sọ? Ó ní orúkọ tí mò ń pè é. Ṣé kí n wá la ẹnu mi pe Bọ̀ọ̀dá lórúkọ? Ẹni tó kó mi jáde nílé? Òun tó ń bẹ nínú yìnyín níbẹ̀, tí ara rẹ̀ kò tíì tutù tán? Mo ní Bọ̀ọ̀dá mi. Bọ̀ọ̀dá mi ni mò ń pè é láti kékeré."

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò ní ṣe ohun tó ṣe yẹn nínú àwa márààrún.

Ní ọjọ́ kejì mo rí i. "Bodami" ni wọ́n kọ, láì sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ó wà ní ìparí ọ̀wọ́ òkè náà, ṣóńṣó kékeré kan, kò ga tó àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀: mẹkáníìkì kan tó ṣubú sínú yìnyín ní ìdí òkè yìí ni wọ́n fi sọrí. Mo wò ó pẹ́. Èrò ọlọ́gbọ́n kan kò sí lọ́kàn mi. Mo kàn rí i pé òkè náà wà, ihò náà sì wà, ọmọ Ìlàjẹ kan sì ń bẹ nínú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni a pe obìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù sórí ìrọ̀rí kí gbogbo wa lè gbọ́. Ariwo omi ló kọ́kọ́ wọlé kí ohùn rẹ̀ tó wọlé.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, ìyàwó wa. A ti rí i."

"Ẹ rí kí ni?"

"Òkè náà. Ó wà nínú máàpù. Ẹni tó rí i wà níwájú mi níbí."

"Kí ni wọ́n kọ sí i?"

Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ fún un. Ó tún un sọ. Ó ṣàlàyé. Ohùn rẹ̀ ń sáré, èmi tí mo mọ̀ ọ́n kò gbọ́ ọ kó sáré bẹ́ẹ̀ rí.

"Bọ̀ọ̀dá ta ni?" obìnrin náà béèrè. "Ṣèbí gbogbo ọkùnrin ayé ló jẹ́ bọ̀ọ̀dá ẹnì kan?"

"Èmi ni mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa. Mi ò lè pè é lórúkọ."

"Ẹ ò lè pè é, òótọ́ ni. Èmi náà, Bàbá àwọn ọmọ ni mò ń pè é láti ìgbà tí mo ti wọlé yín. Ṣùgbọ́n òyìnbó náà ńkọ́? Ṣé òun náà jẹ́ àbúrò rẹ̀ ni? Àbí ó fẹ́ ẹ sílé ni, tí kò fi lè pè é lórúkọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ẹ lọ wá orúkọ ọkọ mi. Ìgbà tí ẹ bá rí i, ẹ pè mí."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. "Ọwọ́ rẹ ló kúkú wà. Pa á rẹ́, kọ orúkọ rẹ̀ gan-an síbẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Òun ni."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá yí i padà, máàpù tiwa nìkan ló máa yí padà. Wọ́n á rí i pé èmi ni, wọ́n á sì dá a padà. Ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé sí àwọn tó fún un lórúkọ."

Mo kọ̀wé. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú pẹ̀lẹ́tù. Wọ́n ní orúkọ tó ti wọ máàpù kì í ṣeé yí padà wẹ́rẹ́, pé kí ìdílé fi ìwé ikú rẹ̀ ránṣẹ́. Kò sí ìwé ikú. Mo gbìyànjú láti sọ èyí fún Ẹ̀gbọ́n láì jẹ́ kó dùn ún. Ó ní, "Khalas, ó ti parí," ó sì kọjú sí ògiri. Ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ìròyìn ń sọ lórí fóònù ẹnì kan pé yìnyín ìsàlẹ̀ ayé ń yọ́, òkun sì ń ga sí i. Ẹ̀gbọ́n dìde láì sọ nǹkan kan, ó jáde sí ìta, ó dúró nínú oòrùn.

Mi ò mọ ohun tó lọ ṣe títí ó fi tán. Ó ti ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tí mo fi ránṣẹ́ sí i jáde, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan ní Rolla. Ó ní kí ọmọ Pakísítánì tó wà níbẹ̀ pa Bodami rẹ́, kí ó kọ orúkọ Bọ̀ọ̀dá sí i, orúkọ ìsàmì àti ti ìdílé, pẹ̀lú lẹ́tà tó bá ti ibẹ̀ mu. Ọmọ náà ṣe é dáadáa. Bí mo ṣe mọ iṣẹ́ yìí tó, mi ì bá má mọ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí àkọ́bí Bọ̀ọ̀dá, ó ní kó fi han ìyá rẹ̀.

Obìnrin náà ló pè fúnra rẹ̀. A wà ní yàrá, ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni.

"Ọkọ mi kékeré, mo rí i."

"Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Ẹ kó ẹrù yín. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé òkè kan náà ni?"

"Òkè kan náà ni."

"Ìjọ́sí, Bọ̀ọ̀dá mi ló ń jẹ́. Lónìí, ó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ mi. Kí ni yóò máa jẹ́ lọ́la?"

Ẹ̀gbọ́n tún bọ́ fìlà lórí.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," obìnrin náà wí. Kò pariwo. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ara tù. "Iyè méjì ti ń ṣe mí tẹ́lẹ̀, kí n má purọ́. Mo máa ń sọ fún ara mi nígbà mìíràn pé ó lè ti kú. Ẹ ti wá jẹ́ kó dá mi lójú báyìí. Tó bá jẹ́ òkú ni, ẹ ò ní máa ra orúkọ fún un káàkiri. Ó wà láàyè. Ẹ bá mi kí i níbi tó wà."

Ó gé fóònù.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni Ẹ̀gbọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n fagi lé físà rẹ̀, ó lọ sílé. Ó ní òun fẹ́ lọ gbé obìnrin náà kúrò létí omi ni. Ó pè mí nígbà tó débẹ̀. Kò lè gbé e. Ó ní ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ni, báwo lòun ṣe máa fi ọwọ́ wọ́ ọ jáde nínú ilé Bọ̀ọ̀dá? Nítorí náà ó jókòó tì í. Pálọ̀ ni ó ń sùn, omi ń wọ abẹ́ ilẹ̀kùn nígbà tí òkun bá kún, wọ́n á gbé ẹní sókè, wọ́n á dúró kó lọ. Obìnrin náà ń se oúnjẹ fún un, ó ń bọ̀wọ̀ fún un. Láràárọ̀, bó bá ti gbé omi ìwẹ̀ fún un tán, á bi í pé, "Ọkọ mi kékeré, ṣé ẹ ti ṣe tán láti sọ òótọ́ fún mi?" Òun náà á tún sọ ti ìdí òkè, ti aṣọ ẹnu kànga tó ya, ti okùn tó tán. Obìnrin náà á gbọ́ ọ tán, á sì lọ gbálẹ̀.

Ògiri ẹ̀gbẹ́ kan ti wó báyìí. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo rí òkun láti inú yàrá wọn.

Èmi ṣì wà ní Al Barsha lójoojúmọ́, Bodami ṣì wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó jẹ́ òótọ́. Mo lè yà á jáde, mo lè gbé e dání lọ sí Ìlàjẹ fúnra mi, èmi tí kì í ṣe ẹbí wọn, kí n fi ẹnu ara mi ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ìwé kejì nìyẹn yóò jẹ́ lójú rẹ̀, orúkọ inú rẹ̀ á sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ẹ fi ara yín sí ipò obìnrin náà, kí omi máa lu ògiri yín, kí àlejò kan wá na ìwé kejì sí yín: kí ni ẹ máa fẹ́ rí nínú rẹ̀ kí ẹ tó dìde?